Ṣé ó yẹ kí òfin fi ẹni tó ṣẹ́yún sẹ́wọ̀n? Ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá kan láti Abẹ́òkúta

Ìyá wa kan láti Abẹ́òkúta, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ rẹ̀, kọ̀wé pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní àdúgbò wọn lóyún, ó lọ bá ẹnì kan tó ń ta oògùn ní kọ̀rọ̀ pé kó bá òun ṣẹ́ ẹ, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Màmá ní ohun tí àwọn fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìjọ ni pé ìpànìyàn ni oyún ṣíṣẹ́, àwọn kò sì tíì yí èrò padà, ṣùgbọ́n ikú ọmọ náà kò jẹ́ kí àwọn sùn. Ìbéèrè wọn rè é bí wọ́n ti kọ ọ́: "Dókítà, bí nǹkan bá burú lójú Ọlọ́run, ṣé kò yẹ kí òfin lòdì sí i? Àbí ẹ̀yin fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí i ni?"

Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbé ìbéèrè náà pamọ́ sínú, nítorí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé ibà ló pa á. Ìtọ́jú aláboyún ni iṣẹ́ mi, mo sì tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ kí dókítà ṣe. Èrò mi ni pé ìbéèrè méjì ni ẹ so pọ̀ di ẹyọ kan. Ọ̀kan ń béèrè bóyá oyún ṣíṣẹ́ burú. Èkejì ń béèrè bóyá ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí ìjọba fi kojú rẹ̀. Ènìyàn lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ti àkọ́kọ́, kí ó sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí èkejì, kí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ panṣágà. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tó fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà kò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Àríwá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó tìtorí ìyẹn sọ pé ìjọba ní kí ará Abẹ́òkúta máa ṣe panṣágà. Mo mọ èsì tí ẹ máa fún mi: panṣágà kì í gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ inú bá jẹ́ ènìyàn bí àwa náà ti jẹ́, òfin kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera kí ó máa wo ẹni tó ń pa á. Èsì náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ inú náà fúnra rẹ̀, kí a tó kan òfin.

Àwọn tó gbà pé ènìyàn pípé ni ọlẹ̀ láti ọjọ́ tí àtọ̀ ọkùnrin ti pàdé ẹyin obìnrin kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohun alààyè kan ti wà tí kì í ṣe ẹ̀yà ara ìyá rẹ̀, tí àbùdá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá àti ti bàbá, tí yóò sì di ọmọ bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Bí a bá sì ń wá ọjọ́ kan pàtó tí a lè sọ pé ó di ènìyàn lónìí, lánàá kò tíì jẹ́ ènìyàn, a kò ní rí i. Ẹ̀rọ àwòrán lè fi ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ hàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyá á sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ń sọ ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ẹnubodè nínú wọn. Oṣù kẹfà ni oyún Èlísábẹ́tì wà nígbà tí Ìhìnrere Lúùkù sọ pé ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀, ìjọ yín sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ènìyàn nínú ìtàn náà.

Ohun tí èmi gbà ni pé iyì ọlẹ̀ ń dàgbà bí òun fúnra rẹ̀ ti ń dàgbà, ìwà gbogbo wa ló sì mú mi gbà bẹ́ẹ̀, títí kan ìwà àwọn tó ń pè é ní ìpànìyàn. Bí oyún oṣù méjì bá bàjẹ́ lára obìnrin, a ó bá a kẹ́dùn, a ó gbàdúrà fún un, àmọ́ a kì í sábà gbẹ́ ibojì, pásítọ̀ kì í sì í wá ṣe ìsìnkú. Bí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bá kú sínú ìyá rẹ̀, ọ̀fọ̀ náà a máa gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Síbẹ̀, "omi ló dànù, agbè ò fọ́" ni àwọn àgbà fi ń tu irú ìyá bẹ́ẹ̀ nínú. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti mọ̀ọ́mọ̀ da omi nù; omi tó dànù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó fi yé mi ni pé nígbà tí ìyá àti ọmọ kò lè jọ là, àwọn tó ṣáájú wa mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa ní ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ èyí, nítorí hádíìsì kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn fi ń sọ pé lẹ́yìn ọgọ́fà ọjọ́ ni a ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọlẹ̀. Lóòótọ́, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Málíkì, tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé le púpọ̀, kò sì fẹ́ kí a fọwọ́ kan oyún kí ó tó tó ọjọ́ náà pàápàá, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbà pé a lè gba ẹ̀mí ìyá là.

Màmá, òfin tí ẹ fẹ́ kí ó dúró gan-an kò pe oyún ṣíṣẹ́ ní ìpànìyàn. Apá 307 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ìgbà tí ọmọ bá ti jáde tán láàyè kúrò nínú ìyá rẹ̀ ni ó tó di ènìyàn tí a lè sọ pé ẹnì kan pa. Ikú ni ìdájọ́ apànìyàn. Ẹni tó bá obìnrin ṣẹ́yún, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni apá 228 kà fún un. Obìnrin tó ṣẹ́ tirẹ̀, ọdún 7 ni ti apá 229. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́, ọdún 3 ni ti apá 230. Ẹni tó bá sì ṣe ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ wáyé láàyè nígbà tí ìyá ti fẹ́ bímọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni tirẹ̀ lábẹ́ apá 328. Òfin fúnra rẹ̀ ti ń díwọ̀n, bí ọlẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ìbí bẹ́ẹ̀ ni ìjìyà ń pọ̀ sí i. Àtẹ̀gùn tí èmi náà ń gùn nìyẹn. Ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà ni a kò ti gbọ́ra wa yé.

Ọ̀rọ̀ ara obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Oyún kì í ṣe ẹrù tí a gbé sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú ara ènìyàn mìíràn ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń mu, ó sì lè pa á. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fi hàn pé nínú ìbímọ ààyè 100,000 ní Nàìjíríà, ìyá 512 ló ń bá ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ lọ. Ìyá tó fara da gbogbo èyí yẹ ní kíkan sáárá sí, òfin kan kò sì sí ní ilẹ̀ wa tó lè fipá mú bàbá pé kó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè, tó ń jẹ́ orúkọ, tó ń kú lọ lórí ibùsùn. Ẹ lè sọ pé ìyá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa oyún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé ọ̀rọ̀ ara nìkan parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fipá bá lò kò fọwọ́ ara rẹ̀ fa ohunkóhun, ìwé òfin wa kò sì yọ òun náà sílẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí òfin gúúsù ti ṣílẹ̀kùn ni apá 297, tó ní dókítà tó fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi. Ìwé òfin Àríwá náà yọ ẹ̀mí ìyá sílẹ̀. Irú ilẹ̀kùn yìí ni a ń gbà wọlé nígbà tí oyún bá dúró sínú ọpọ́n tó lọ sí ilé ọmọ dípò inú ilé ọmọ gan-an, nítorí pé kò lè di ọmọ láéláé, bí ọpọ́n náà bá sì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ikùn obìnrin náà títí yóò fi kú. Àwọn Kátólíìkì tó le jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò bá wa jà pé a gé ọpọ́n náà kúrò. Ní Èkó, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 2011 fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Ní òpin oṣù kẹfà 2022, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé ìwé ìlànà jáde kí àwọn dókítà lè mọ ìgbà tí òfin gbà wọ́n láyè. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àti àwọn mìíràn figbe ta, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi ní kí wọ́n dá a dúró. Òfin náà wà níbẹ̀, ìlànà tí yóò là á yé ènìyàn ni kò sí. Ó dùn mí, nítorí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú òkùnkùn ni dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tí aláìsàn ń kú lọ níwájú rẹ̀, tí ó ń ro bóyá ọlọ́pàá yóò wá mú òun lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ibi tí òfin náà ti wá, nítorí mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní àṣà wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún ara wọn ní 1861. Ó gba inú ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní Queensland ní Ọsirélíà ní 1899 dé ọ̀dọ̀ wa, Àríwá ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1904, ó sì di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916, kí Àríwá tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1938, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Aleck Bourne, bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àwọn sójà fipá bá lò ṣẹ́ oyún náà, ó sì fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí ilé ẹjọ́ lè sọ ohun tí òfin wí. Wọ́n dá a sílẹ̀. Adájọ́ ní kò pọn dandan kí dókítà dúró dìgbà tí ikú bá dé ẹnu ọ̀nà. Ní 1967 wọ́n ṣe òfin mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu fún àwọn dókítà. Yàtọ̀ sí ti Èkó, tiwa wà bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Àwọn dókítà aláboyún Nàìjíríà gbìyànjú láti gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yí i padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olórí ẹ̀sìn àti àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sì lòdì sí i títí ó fi kú. Èyí kò sọ pé àwọn baba wa fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́, nítorí ojú ìtìjú ni wọ́n fi ń wò ó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọdún 14 àti ọdún 7 kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n.

Kí ni òfin náà wá ṣe láàárín wa? Àwọn olùwádìí fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ní 2012 nìkan, oyún bíi mílíọ̀nù kan àti ìdá mẹ́rin ni wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀wọ̀n bá lè dá nǹkan dúró, iye yẹn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó lówó á lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, wọn á pa ilẹ̀kùn dé, wọn á fọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́, á sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ọmọ tí kò lówó ni wọ́n ń gbé wá bá wa. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé e dé. Ara rẹ̀ á gbóná, ikùn rẹ̀ á le gbandi débi pé kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn nísàlẹ̀ á ti ní òórùn tí nọ́ọ̀sì àgbà kò ní béèrè ohun tó fà á. Ìyá rẹ̀ á ní ibà ni, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá bi ọmọ náà léèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ó dìgbà tí ìyá bá jáde lọ san owó káàdì kí ó tó fẹ́lẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti nǹkan bọ òun lára. Nígbà míì irin náà ti gún ìfun, kòkòrò ti wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ti ń dẹ́kun iṣẹ́, a ó sì gé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò kí ẹ̀mí rẹ̀ lè là. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló sábà máa ń pa wọ́n, ẹ̀rù òfin àti ẹ̀rù ìtìjú ló sì ń fa ọjọ́ mẹ́ta náà.

Àwọn ìlú mìíràn ti dán ọ̀nà méjèèjì wò. Ìjọba Romania fòfin de oyún ṣíṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn obìnrin ní 1966. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ikú àwọn ìyá pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Yúróòpù lọ, nígbà tí wọ́n sì mú òfin náà kúrò ní òpin 1989, iye náà já sí nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún kan. Gúúsù Áfíríkà ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú òfin tí wọ́n ṣe ní 1996, láàárín ọdún mélòó kan ikú tí oyún ṣíṣẹ́ ń fà sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dínkù. Nítòsí wa níbí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá 2021 pé obìnrin lè ṣẹ́yún láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́ bí oyún náà bá lè kó o sínú ìnira owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ti ọkàn. Ìyẹn ni pé ọmọ Ìmẹ̀kọ àti ọmọ Kétu, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, kò sí lábẹ́ òfin kan náà mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò gbọ́ pé àwọn Kétu ti dẹ́kun ọmọ fífẹ́.

Bí ẹ bá wá ní kí n sọ òfin tí èmi yóò kọ, Màmá, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjìlá lọ, bí ó bá jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ ló ṣe é, tí obìnrin náà sì fẹnu ara rẹ̀ béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìdí gbọ́dọ̀ wúwo sí i: ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá, ìfipábánilòpọ̀, bàbá tó fún ọmọ ara rẹ̀ lóyún, ọlẹ̀ tí kò ní agbárí, tí a mọ̀ pé kò ní rí ọ̀la. Nígbà tí ọmọ bá sì ti dàgbà débi tó lè yè níta, ẹ̀mí ìyá nìkan ló kù, a ó sì sa gbogbo ipá wa kí méjèèjì lè là. Ẹni tó bá fagbára mú obìnrin ṣẹ́yún, ìbáà jẹ́ ọkọ, ọ̀rẹ́kùnrin tàbí òbí, kí ó fi ẹ̀wọ̀n gbára. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé bí òfin bá rọ̀, àwọn ọkùnrin ni yóò máa wọ́ ọmọbìnrin lọ ṣẹ́yún kò bẹ̀rù lásán, nítorí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é lábẹ́ òfin tó le yìí náà. Dókítà tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á kò gbọdọ̀ di ẹni tí a fipá mú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi aláìsàn sílẹ̀ kó kú.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti nira fún mi. Tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS mọ̀ pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àràbà, àyẹ̀wò wà tó lè sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Òbí tó ti sin ọmọ méjì lè jókòó síwájú mi kó béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí àbájáde bá jẹ́ SS, òfin wa kò sì fún un ní èsì kankan àfi kí ó padà sílé. N kò ní dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí òfin dárúkọ SS gẹ́gẹ́ bí ìdí láti ṣẹ́yún, nítorí àwọn tó ní SS wà láàárín wa, wọ́n jẹ́ olùkọ́, agbẹjọ́rò àti dókítà, òfin kò sì gbọdọ̀ sọ fún wọn pé ì bá sàn kí wọ́n má wáyé. Kí òbí náà pinnu láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá yẹn, kí ìjọba pa ẹnu mọ́ nípa ìdí rẹ̀.

Ní ti ìjọ yín, n kò ní kí ẹ yí ẹ̀kọ́ yín padà. Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ fi àwọn nǹkan díẹ̀ kún un nígbà tí ẹ bá tún pe àwọn ọmọbìnrin jọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn wà tó lè dènà oyún kí ó tó wáyé, òmíràn sì wà tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ kòkòrò HIV. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn lè wá bá yín ní òru, ẹ kò sì ní kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹni tó fún wọn lóyún. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé bí ọmọbìnrin bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tí inú ń run ún, kí wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ náà gan-an, ohun yòówù kí ó ti ṣe. Apá kankan nínú ìwé òfin Nàìjíríà kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí dókítà tọ́jú ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló ṣẹ́ ẹ, ìbáà jẹ́ ó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ìtọ́jú kan náà ni a sì ń fún àwọn méjèèjì.